Lẹ́tà Búrọ́ọ̀ṣì: Láti Ara Pátákó Agbówà Dé Inú Kọ̀ǹpútà

Orí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ọkọ̀ ojú omi tàbí àkọlé ayẹyẹ ní irú lẹ́tà tí ojú máa rí, tí ọkàn á sì sọ pé ọwọ́ èèyàn ló kọ ọ́: ó yá, ó fúyẹ́, ìlà rẹ̀ nípọn níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíràn, àwọn lẹ́tà rẹ̀ kò sì tò gbọnrangandan. Ó wà bákan náà fún ẹni tó fẹ́ gbé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà, kó di fọ́ńtì tí àwọn atẹ̀wé lè lò. Agbówà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibẹ̀ ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Ìkòsì-Ẹ̀jìnrìn wà, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìlú náà sì ní gbogbo ohun tí akọ̀wé pátákó lè fi kọ́ṣẹ́: ọjà, etí omi, ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́, àti ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀.

Kókó tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé nìyí: nínú Yorùbá, àmì orí àti àmì abẹ́ jẹ́ ara lẹ́tà. Búrọ́ọ̀ṣì tó kọ lẹ́tà ni kó kọ àmì rẹ̀, kí ààyè wọn sì ti wà nílẹ̀ kí a tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ẹni tó bá fi wọ́n sílẹ̀ di ìparí kò ní rí ibi tó máa fi wọ́n sí, yóò wá máa sọ pé wọ́n ń ba ẹwà iṣẹ́ jẹ́.

Irú lẹ́tà wo ni, níbo ló sì yẹ

Àwọn akọ̀wé pátákó ilẹ̀ òkèèrè ti ń kọ irú lẹ́tà yìí tipẹ́ kí àwọn tó ń rọ lẹ́tà ìtẹ̀wé tó ṣe àdàkọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ American Type Founders gbé Brush Script jáde ní 1942. Robert E. Smith ló yà á, àwọn lẹ́tà kékeré rẹ̀ sì so kọ́ra. Nǹkan bí 1951 ni ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Dom Casual tí Peter Dombrezian yà jáde. Lẹ́tà tirẹ̀ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èyí tí wọ́n fi ń kọ iye ọjà sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ní Faransé, Roger Excoffon ya Mistral fún Fonderie Olive ní Marseille, ó sì jáde ní 1953. Ìpolówó ọjà ni wọ́n ṣe gbogbo wọn fún, èdè àwọn tó ṣe wọ́n ló sì wà lọ́kàn wọn. Kò sí ẹni tó ronú kan ẹ, ọ tàbí ṣ.

Ẹni tó bá ti tẹ ìwé ìpè ìnáwó rí á mọ ohun tí èyí ń dá sílẹ̀. Ẹ yan Brush Script nínú kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ “Ọjọ́”. Kọ̀ǹpútà á wá Ọ nínú fọ́ńtì náà, kò ní rí i, á wá yá ọ̀kan láti inú fọ́ńtì míràn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á sì wọ aṣọ méjì. Atẹ̀wé tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ òun rí bẹ́ẹ̀ á yọ àmì dànù. Bí orúkọ ìyàwó àti ti ọkọ ṣe ń jáde ní ìhòòhò nìyẹn. A máa ń bá atẹ̀wé wí pé kò mọ Yorùbá kọ, nígbà tó jẹ́ pé fọ́ńtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n kọ. Ó dùn mí púpọ̀ pé a ti jẹ́ kí èyí di àṣà, nítorí pé ó ní àtúnṣe, ọwọ́ wa sì tó o.

Nílé wa, iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ti ní ìtàn tirẹ̀. Ara bọ́lẹ̀kájà onípákó kún fún ọ̀rọ̀ ìṣítí àti oríkì tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, mólùè náà sì gbà á níbẹ̀. Ní Onitsha, iṣẹ́ pátákó ni Augustin Okoye, tí ayé mọ̀ sí Middle Art, ń ṣe kí Ulli Beier, olùgbéga iṣẹ́ ọnà, tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ní Kumasi, Kwame Akoto ti Almighty God Artworks jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àti àwòrán máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí pátákó kan náà. Ní ti danfó, sítíkà gígé ló pọ̀ lára rẹ̀ báyìí, Seyi Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Afrotype sì ti fi irú lẹ́tà sítíkà yẹn ṣe fọ́ńtì kan tí wọ́n sọ ní Danfo, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts. Ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tiyín. Ó fi hàn pé ohun tó wà lójú títì wa tó fi ṣe fọ́ńtì tí gbogbo ayé á lò.

Lẹ́tà búrọ́ọ̀ṣì yẹ orúkọ. Ọ̀rọ̀ kan, méjì, ó pọ̀ jù márùn-ún: orúkọ ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ọkọ̀, “Ẹ káàbọ̀ sí Agbówà”. Kò yẹ àlàyé gígùn, kò yẹ bí a ṣe ń lo oògùn, kò sì yẹ ìkìlọ̀ iná mànàmáná. Ẹ má sì fi kọ nọ́ńbà fóònù, nítorí 1 àti 7 á jọra, oníbàárà á pe ẹlòmíràn. Lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, tí kò ní ọ̀ṣọ́, ni kẹ́ ẹ fi kọ nọ́ńbà sábẹ́ orúkọ.

Ohun èlò, àti ojú ọjọ́ etí ọ̀sà

Búrọ́ọ̀ṣì méjì tó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan pẹlẹbẹ, tó fẹ̀ tó ínṣì kan, fún ara lẹ́tà. Èkejì ṣóńṣó, fún lẹ́tà kékeré àti àmì. Irun gígùn ló dáa, torí ó ń fa ọ̀dà púpọ̀ mu, ìlà á sì parí kí ọ̀dà tó tán lẹ́nu rẹ̀. Bí owó kò bá sí, búrọ́ọ̀ṣì akunlé tí a fi abẹ tẹ́ ẹnu rẹ̀ á ṣe é. Ẹ tún wá ọ̀pá kan tó gùn tó apá, kẹ́ ẹ di aṣọ mọ́ orí rẹ̀: ọwọ́ òsì á dì í mú, orí rẹ̀ á ti pátákó, ọwọ́ tó ń kọ̀wé á gbé ara lé e, kò sì ní gbọ̀n.

Ọ̀dà gílọ́ọ̀sì ni fún páànù àti pákó tó máa wà níta. Ẹ fi tapẹntáìnì díẹ̀ pò ó kó lè rìn. Ọ̀pọ̀ ń fi kẹrosíìnì ṣe é nítorí owó. Bó bá kéré, kò burú, bó bá pọ̀, ọ̀dà á pẹ́ kó tó gbẹ, dídán rẹ̀ á sì kú. Ẹ dán an wò lórí àlòkù páànù. Bí ìlà bá ń ya bí irun kó tó dé ìdí, ọ̀dà ki jù. Bó bá ń ṣàn wálẹ̀, ó ti ṣàn jù.

Páànù tuntun máa ń kọ ọ̀dà. Ẹ fi ọṣẹ àti ọtí kíkan fọ̀ ọ́, ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ tó fi àwọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sí i. Èyí tó ti dípẹtà, ẹ ha ìpẹtà yẹn kúrò pátápátá, nítorí yóò gba abẹ́ ọ̀dà jáde. Pákó ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ ti gbẹ láti inú wá, ẹ má gba ojú rẹ̀ gbọ́.

Ìrì ni ọ̀tá gílọ́ọ̀sì lẹ́bàá ọ̀sà. Bí ẹ bá kọ̀wé ní ìrọ̀lẹ́, ìrì á bọ́ sórí ọ̀dà tútù, ilẹ̀ á mọ́, dídán ti lọ. Ẹ jẹ́ kí oòrùn ti gbé ìrì òwúrọ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti ṣíwọ́ kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku ló kù tí ẹ ó máa bá jà. Abẹ́ òrùlé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ fi epo ẹ́ńjìnnì pa irun rẹ̀, ẹ tò ó kó dùbúlẹ̀. Kí ẹ tó tún lò ó, ẹ fọ epo náà kúrò.

Ìwọ̀n: ìdámẹ́wàá ni kẹ́ ẹ fi ṣírò

Òfin àtijọ́ kan wà láàárín àwọn akọ̀wé pátákó: ínṣì kan gíga lẹ́tà fún ẹsẹ̀ bàtà 10 jíjìnnà. Ẹni tó dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 30 sí ìsọ̀ ẹlẹ́ja á ka lẹ́tà ínṣì 3 láìfún ojú pọ̀. Ẹni tó wà nínú mọ́tò yàtọ̀. Mọ́tò tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí ń jẹ mítà 17 ó dín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá fẹ́ kí èrò inú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin láti fi rí orúkọ, láti fi kà á, láti fi sọ fún dẹ́rẹ́bà pé “Ó wà o!”, a jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ máa kà á láti nǹkan bíi mítà 67, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 220. Lẹ́tà náà á ga tó ínṣì 22.

Ẹ wá fi èyí wé pílàìwúùdù, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8. Ínṣì 48 ni gíga rẹ̀. Ẹ fi ínṣì mẹ́rin-mẹ́rin sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ó ku 40. Ibí yìí ni àwọn tó kọ́ṣẹ́ nínú ìwé òyìnbó ti ń ṣìnà, torí wọ́n á fi gbogbo 40 yẹn ya lẹ́tà ńlá, wọ́n á sì há àmì mọ́ etí pátákó. Ìṣirò tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa lò ni èyí: ẹ pín gíga ìlà kan sí mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fi mẹ́fà fún lẹ́tà, méjì fún àmì ohùn lókè, méjì fún àmì abẹ́. Nínú ínṣì 40, ìdá kan jẹ́ ínṣì 4, lẹ́tà yín á ga ní ínṣì 24, ó sì ti ju 22 tí ojú ọ̀nà ń béèrè lọ. AGBÓWÀ ní lẹ́tà mẹ́fà; ní ínṣì 14 lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 84 nínú ínṣì 96 tí pátákó fi gùn, ínṣì mẹ́fà-mẹ́fà á sì kù ní etí méjèèjì.

Bí oníbàárà bá fẹ́ ìlà méjì, lẹ́tà á di ínṣì 12, ẹni tó wà nínú mọ́tò kò sì ní rí ju bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ láti fi kà á. Ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó gba owó. Ẹ sì rán an létí LASAA, àjọ tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2006 láti máa bójú tó pátákó ìta: ìwọ̀n pátákó àti ibi tó máa dúró ni kẹ́ ẹ lọ béèrè kẹ́ ẹ tó gé pákó, torí pákó tí a ti gé kò ṣeé dá padà.

Bí ọwọ́ ṣe ń rìn

Ẹ nu ojú pátákó, ẹ fi ẹfun pa okùn, ẹ nà án, ẹ ta á: ìlà ìjókòó lẹ́tà, ìlà orí lẹ́tà, ìlà orí àmì, ìlà ìdí àmì. Mẹ́rin ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹfun ya egungun lẹ́tà náà ní ìlà tín-ín-rín, pẹ̀lú àmì wọn.

Ìlà márùn-ún ló wà nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: èyí tó wálẹ̀, èyí tó dábùú, èyí tó dagun, èyí tó tẹ̀ sí òsì, èyí tó tẹ̀ sí ọ̀tún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìfọwọ́kàn, ìtẹ̀, ìfà àti ìgbésókè. Ìgbésókè ló ń fún ìparí ìlà ní ẹnu tó rí ṣóńṣó, òun ni ojú sì ń rí tó fi mọ̀ pé búrọ́ọ̀ṣì ni. Láti ìgbọ̀nwọ́ ni kẹ́ ẹ ti fà á. Ọrùn ọwọ́ nìkan á mú kí lẹ́tà kéré, kó sì le. Ẹ kọ O ní ìlà méjì, òsì kí ọ̀tún tó tẹ̀ lé e, bí wọn kò bá pàdé tán lókè, kò burú, ẹwà irú lẹ́tà yìí ni. W kò gbọ́dọ̀ gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú Agbówà, òun ló máa ń gba ààyè Ó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ sún G àti B mọ́ra ju bí ẹ ṣe sún àwọn yòókù lọ, nítorí pé gb jẹ́ lẹ́tà kan nínú ábídí wa, ojú Yorùbá sì fẹ́ rí i pọ̀.

Kí àwọn lẹ́tà má jókòó sórí ìlà kan náà bí ọmọ ogun. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan gòkè díẹ̀, kí òmíràn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kó má ju ìdajì ìdá kan lọ nínú mẹ́wàá tí a pín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí àwọn àmì abẹ́ wà ní ipele kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé ìparí. Lẹ́tà lè jó, àmì abẹ́ kò gbọ́dọ̀ jó. Bí wọ́n bá dúró lójú kan, òǹkàwé á rí wọn láìwá wọn. Bí wọ́n bá ń fò kiri, wọ́n á dà bí ọ̀dà tó ta sílẹ̀.

Àmì

Àwọn oníbàárà kan á ní kẹ́ ẹ yọ àmì kúrò. Màmá aláṣọ kan á dúró lẹ́yìn akọ̀wé, á wo orúkọ ara rẹ̀, á ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ àwọn nǹkan orí ẹ̀ yẹn, ó ti pọ̀ jù.” Èsì tó yẹ ni: “Màmá, orúkọ yín nìyẹn o. Tí mo bá yọ ọ́, orúkọ ẹlòmíì ni mo kọ sára ṣọ́ọ̀bù yín.” Kẹ́ ẹ má sì fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí méjì, ọ̀kan ní àmì tí a gbé síbi tó yẹ, ọ̀kan ní àmì tí a há mọ́ etí. Ohun tó ń bí wọn nínú ni àmì tó há, tàbí àmì tó tín-ín-rín lórí lẹ́tà tó sanra. Bí àmì bá sanra tó lẹ́tà, wọn kì í sábà rí i bí ohun àfikún mọ́.

Ẹ kọ àmì ohùn òkè láti òkè ọ̀tún wá sí òsì, ti ìsàlẹ̀ láti òkè òsì wá sí ọ̀tún. Orí àmì nípọn, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, ìdí náà sì kọjú sí lẹ́tà. Nínípọn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìlà lẹ́tà. Ẹ ṣọ́ra fún ìtẹ̀sí: bí lẹ́tà bá tẹ̀ sí ọ̀tún, tí ẹ sì tẹ àmì pẹ̀lú rẹ̀, àmì òkè á fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, ti ìsàlẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró, ẹni tó wà lọ́nà jíjìn kò sì ní mọ èwo ni èwo. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì dà sí ẹ̀gbẹ́ bákan náà, bí lẹ́tà tilẹ̀ tẹ̀.

Ní ti abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, èmi fara mọ́ ìlà kúkúrú tó dúró ju ẹ̀kán róbótó lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ló fi ìlà kúkúrú yìí ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa ṣe kọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́. Búrọ́ọ̀ṣì sì fẹ́ràn rẹ̀: ìfọwọ́kàn kan, ìfà díẹ̀, ó parí. Ẹ̀kán róbótó gba pé kẹ́ ẹ yí búrọ́ọ̀ṣì, ó sì rọrùn kó dàbí pé ọ̀dà kán sílẹ̀. Ẹ fi ìdajì ìdá sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti lẹ́tà. Àárín lẹ́tà ni kó wà. Lábẹ́ Ẹ ńlá, ẹ má fi sábẹ́ òpó òsì.

Ìrù lẹ́tà kékeré ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Nínú lẹ́tà búrọ́ọ̀ṣì òyìnbó, ìrù j, g àti y máa ń yí lọ sí òsì, sí abẹ́ lẹ́tà tó ṣáájú. Ẹ kọ ọjà, ẹyẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìrù á lọ gbá àmì abẹ́ ọ tàbí ẹ, wọ́n á di ìdì kan. Ẹ fa ìrù wọn wálẹ̀ tààrà, kẹ́ ẹ gé e kúrú, kó yí díẹ̀ péré. Bí ẹ kò bá fẹ́ràn bó ṣe rí, ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Lára ọkọ̀ ojú omi, lẹ́tà ńlá ni mo máa ń dámọ̀ràn, torí omi tó ń gbá ara ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ìrù lẹ́tà kékeré pẹ́.

Í àti ì kò nílò ẹ̀kán orí wọn mọ́ bí àmì ohùn bá ti dé. Bí ìlà bá di méjì, ẹ wo ibi tí àmì abẹ́ ìlà òkè fi pàdé àmì orí ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ̀PẸ́ lábẹ́ ỌJỌ́ jẹ́ àpẹẹrẹ tó le. Ẹ sún ìlà kan díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n gba àárín ara wọn kọjá.

Gbígbé e wọ inú kọ̀ǹpútà

Bí ọwọ́ yín bá ti dúró, fọ́ńtì kò jìnnà mọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti yíǹkì dúdú kọ lẹ́tà sórí bébà funfun, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ínṣì mẹ́ta, kẹ́ ẹ kọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kẹ́ ẹ mú èyí tó dára jù. Ẹ fi ẹ̀rọ ayàwòrán-ìwé gbà á, tàbí kẹ́ ẹ yà á pẹ̀lú fóònù ní ojúmọmọ, níbi tí òjìji ò sí. Inkscape, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á sọ ọ́ di ìlà. Ẹ dín ojú kókó inú ìlà náà kù títí etí rẹ̀ á fi jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e wọ FontForge, tí a fi ń ṣe fọ́ńtì, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Mélòó ni ẹ máa yà? Ábídí wa ní lẹ́tà 25. Gb kò nílò àwòrán tirẹ̀, nítorí náà ó ku 24, ńlá àti kékeré, 48. Ẹ fi c, q, v, x àti z kún un, torí orúkọ àjèjì, ó di 58. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́wàá kún un pẹ̀lú àmì ìdánudúró. Fáwẹ́lì méje sì wà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ó di 14, ńlá àti kékeré, 28. Nínú 28 yìí, 20 ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, irú bí á, è, Ó. Mẹ́jọ ni kò ní: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, àti àwọn ńlá wọn. Àwọn mẹ́jọ yìí ló ń wó fọ́ńtì tí wọ́n sọ pé ó gba Yorùbá. Ẹni tó ṣe fọ́ńtì á fi ẹ, ọ àti ṣ sí i, á rò pé ó parí, òǹkọ̀wé á tẹ Ẹ̀pẹ́, àmì ohùn á fò lọ sí ibi tí kò yẹ.

Bí a ṣe ń tún un ṣe rèé. Ẹ fi ẹ sí 1EB9, Ẹ sí 1EB8, ọ sí 1ECD, Ọ sí 1ECC, ṣ sí 1E63, Ṣ sí 1E62. Àwòrán abẹ́ wọn lè jẹ́ ìlà kúkúrú tiyín, nọ́ńbà kò yí padà. Ẹ ya àmì ohùn ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ sí 0300, òkè sí 0301, àmì abẹ́ sí 0323. Wàyí o, lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ohun tí FontForge ń pè ní anchor sí ibi tí àmì yóò ti so mọ́ ọn lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìkejì rẹ̀ sára àmì. Kọ̀ǹpútà á wá mọ̀ pé ibí ni kí wọ́n ti pàdé. Ẹ fi èyí tìsàlẹ̀ sára é, è, ó àti ò pẹ̀lú, torí àwọn kan á kọ́kọ́ tẹ é kí wọ́n tó tẹ àmì abẹ́. Ẹ má gbàgbé ń, ǹ àti ḿ.

Ìwọ̀n 1000 ni fọ́ńtì sábà máa ń lò láti òkè dé ilẹ̀. Ìdá mẹ́wàá wa bá a mu: lẹ́tà ńlá ga ní 600, àmì ohùn kò kọjá 800, àmì abẹ́ kò kọjá 200 lábẹ́ ìlà ìjókòó. Ẹ kọ ìwọ̀n òkè àti ìsàlẹ̀ tí Windows ń kà kó ju èyí tí àmì dé lọ díẹ̀, nítorí bó bá kéré sí i, Windows á gé orí àmì.

Fọ́ńtì òyìnbó sábà máa ń ní ẹ̀dà kan ṣoṣo fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tàbí méjì bí ẹni tó ṣe é bá lawọ́. Fún Yorùbá, ẹ ya fáwẹ́lì ní ẹ̀dà méjì ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì sọ fún fọ́ńtì pé kó máa pààrọ̀ wọn. Fáwẹ́lì ló ń tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì nínú èdè wa, ọ̀kan náà sì máa ń padà wá kíákíá: Ìkòròdú ní ò méjì, ọlọ́jọ́ ní ọ mẹ́ta, Ẹ̀jìnrìn ní ì méjì. Bí ọ mẹ́ta bá jọra bí èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù, gbogbo ènìyàn á mọ̀ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ìfẹ́ tí a ní sí lẹ́tà búrọ́ọ̀ṣì á sì parẹ́. Mo ka èyí sí iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn àmì.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú Agbówà, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Ẹ̀jìnrìn, “ọjọ́ ọjà”, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti orúkọ àwọn aládùúgbò yín. Fún títẹ̀, Gboard ti fóònù gba Yorùbá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní bébà ńlá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ sì tún jìnnà sí i. Ẹ gbé e lọ sílé atẹ̀wé, nítorí pé ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ń lo CorelDRAW, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ àtijọ́ kò sì mọ bí a ṣe ń so àmì mọ́ lẹ́tà. Nítorí tiwọn, ẹ ya àwọn mẹ́jọ tí kò ní nọ́ńbà yẹn tán pátápátá, kẹ́ ẹ tún fi wọ́n sí apá tí Unicode fi sílẹ̀ fún àdáni, láti E000 lọ. Atẹ̀wé á mú wọn láti ibẹ̀ sórí fléẹ̀sì. Ẹ kìlọ̀ fún un pé iṣẹ́ títẹ̀ nìkan ni wọ́n wà fún, kó má fi wọ́n kọ ohun tí ènìyàn máa wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, SIL Open Font License ló yẹ. Ẹ̀dà 1.1 rẹ̀ ti 2007 gba ènìyàn láàyè láti lò ó fún òwò, láti tún un ṣe, láti pín in, kò kàn gbà kí wọ́n ta fọ́ńtì náà ní òun nìkan. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọwọ́ àgbà akọ̀wé pátákó kan ní Agbówà ni lẹ́tà náà ti wá, ẹ lọ bá a nílé kẹ́ ẹ tó ya àwòrán kankan. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe fún un, ẹ bá a dúnàádúrà owó, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ síbi tí FontForge fi sílẹ̀ fún orúkọ ẹni tó ya lẹ́tà. Ẹ fún un ní ẹ̀dà kan sórí fóònù ọmọ tàbí ọmọṣẹ́ rẹ̀, kí òun náà lè fi ṣe iṣẹ́ fléẹ̀sì tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.